Ta Ló Tà, Ta Ló Rà? Ọ̀rọ̀ lórí Àpéjọ Òwò ní Ìpẹru àti Gbogbo Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ àpéjọ òwò ni a fẹ́ bá yín sọ: ìpàtẹ ọjà, àpérò àwọn oníléeṣẹ́, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń gbé ọjà tuntun jáde, ìpàdé àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ra irè oko. Ṣíṣe ètò irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń jẹun báyìí, láti orí ẹni tó ń yáni ní àga àti àtíbàbà títí dé orí ẹni tó ń fi fóònù ya fídíò. Nídìí ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àmọ́ òṣùwọ̀n ìnáwó ẹbí náà ni wọ́n gbé wọnú òwò: ṣé èrò pọ̀, ṣé oúnjẹ kárí, ṣé gbọ̀ngàn lẹ́wà, ṣé àwọn ènìyàn ńlá yọjú? Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé àpéjọ náà yọrí sí rere. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí nínú òwò: nígbà tí a bá tú ká, ta ni yóò ti ta kí ni fún ta, tí kì bá tí rí i tà ká ní a kò pàdé? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kó tó lọ san owó gbọ̀ngàn, ayẹyẹ ló ń ṣe. Kò sóhun tó burú nínú ayẹyẹ, ṣùgbọ́n kó má fi owó òwò ṣe é.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ní Ìpẹru nísinsìnyí kò fara sin. Ojú ọ̀nà ni ìlú wa wà láti ìgbà pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, nígbà tí ogun Ìjàyè ń ràn káàkiri, ogun dé Ìpẹru pẹ̀lú, nítorí pé ilẹ̀ Rẹ́mọ ni àwọn ará Ìbàdàn lè gbà dé Ìkòròdú àti etí ọ̀sà láìkọjá láàárín Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá di ọ̀nà yẹn mú ló di iyọ̀, aṣọ àti ìbọn mú. Ní 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, oríta Ṣàgámù sì so ó mọ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Òrẹ̀ àti Benin. Báyìí, pápákọ̀ òfurufú Gateway ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Ẹrù oko ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n dá a lábàá, ní 2025 sì ni ọkọ̀ òfurufú akérò bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Fásitì Babcock, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Adventist tó sì di fásitì ní 1999, wà ní Ìlíṣàn nítòsí wa níbí. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà ní Ṣàgámù láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹni tó bá to gbogbo èyí pọ̀ yóò rò pé àlejò òwò kò ní ṣàì wá. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a ti ṣọ́ra. Ọ̀nà a máa gbé ènìyàn wá, a sì máa gbé ènìyàn kọjá. Àìmọye ọkọ̀ ló ń gba oríta Ṣàgámù lójoojúmọ́ tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ohun kan tí Rẹ́mọ ń tà.

Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí ìjọba àti àwọn ọmọ ìlú tó rí já jẹ lọ́kàn ni pé kí a kọ́ gbọ̀ngàn ńlá. Kí ilé wà ná, wọ́n á ní, èrò á wá bá a. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní 1977, ọdún àjọ̀dún àṣà FESTAC, wọ́n ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé lẹ́bàá ọ̀nà Badagry. Iléeṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia ló kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, pẹ̀lú àwọn gbọ̀ngàn ràgàjì tí kò sí irú wọn nílẹ̀ wa nígbà náà. Lónìí, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àti àwọn oníṣòwò tó kó wá láti ọjà Balógun ló kún inú ọgbà náà láti January dé December. Ìpàtẹ ọjà tí Ẹgbẹ́ Oníṣòwò àti Oníléeṣẹ́ Èkó ń ṣe lóṣù kọkànlá ti kó lọ sí Tafawa Balewa Square, níbi tí àtíbàbà ti ń ṣe iṣẹ́ gbọ̀ngàn. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń tajà nínú ọgbà àtijọ́ náà o. Ọjà wọn ń lọ, owó sì ń wọlé fún wọn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ilé kò lè so ìpàtẹ ọjà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìpàtẹ náà ṣí kúrò, ohun tó gbé lọ ni oṣù tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n mọ́, orúkọ àwọn tó ń gba ìsọ̀ lọ́dọọdún, àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé gbé rìn. Kọnkéré kò ṣeé gbé rìn.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń ná ọjà ọrọọrún. Ọjà wọ̀nyẹn ni àpéjọ òwò tó pẹ́ jù lọ tí a ní, ètò inú wọn sì jinlẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Àwọn ìlú tó múlé ti ara wọn kì í fi ọjà wọn sí ọjọ́ kan náà. Wọ́n pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn kí aláròóbọ̀ lè ti ibi kan dé ibòmíràn láìfi ìkankan pàdánù. Irú ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìsọ̀ tirẹ̀, ẹgbẹ́ tirẹ̀ àti olórí tirẹ̀: ẹlẹ́pò wà lọ́tọ̀, aláṣọ wà lọ́tọ̀, àwọn onírè oko wà lọ́tọ̀. Olórí ẹgbẹ́ ló ń parí ìjà lórí òṣùwọ̀n àti gbèsè, Ìyálọ́jà sì wà lókè gbogbo wọn. Oníbodè ń gba owó ẹnu ibodè, ọba sì ń rí i pé wọn kò ja èrò lólè lọ́nà. Ilé tó wà níbẹ̀ kò ju ahéré onímọ̀ọ́pẹ àti igi ìbòòji lọ. Ọjọ́ tí kì í yẹ̀, ìsọ̀ tí a mọ̀, ẹni tó ń dájọ́, ọ̀nà tí kò léwu: àwọn nǹkan mẹ́rin yìí ló ń mú èrò láti ọ̀nà jíjìn wá. Ohun tí àwọn olùṣètò òde òní ń gba owó ńlá lé lórí láti kọ́ àwọn iléeṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé a fi ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà, a sì gbà pé àpéjọ oníkóòtù kò nílò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti òkèèrè bá a mu. Ní 1947, ọdún méjì lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn aláṣẹ ológun Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí Jámánì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà fún ilẹ̀ òkèèrè. Bọ́ǹbù ti wó ìlú Hannover. Kò sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ kankan níbẹ̀, nítorí náà wọ́n lo ilé-iṣẹ́ kan tí bọ́ǹbù kò wó ní Laatzen, ní ẹ̀yìn ìlú náà. Oúnjẹ ṣọ̀wọ́n débi pé búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja sínú rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún àlejò, tí àwọn ará ibẹ̀ sì fi búrẹ́dì ẹlẹ́ja náà sọ ìpàtẹ ọjà yẹn lórúkọ ẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èrò bí 736,000 ló wá, àwọn tó pàtẹ ọjà sì tó nǹkan bí 1,300. Ohun tó wú mi lórí jù nínú àkọsílẹ̀ wọn ni pé wọn kò dúró sórí iye èrò. Wọ́n ka àdéhùn tí wọ́n bọwọ́ lù, ó lé ní 1,900, wọ́n sì ṣírò owó tó wà nínú rẹ̀, ó súnmọ́ mílíọ̀nù 32 dọ́là. Ìpàtẹ náà wà títí di òní olónìí, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Búrẹ́dì ẹlẹ́ja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹlòmíràn á ní Jámánì ni Jámánì, Yorùbá ni Yorùbá: ẹni tí o kò ṣe lálejò dáadáa, báwo ni yóò ṣe gbà pé o ní nǹkan lọ́wọ́? Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà olówó ńlá máa ń kọ́kọ́ wo ìwà àti ìmúra ẹni tó fẹ́ tà á. Ìjẹ̀bú-Òde tó wà nítòsí wa sì ti fi hàn pé ẹwà lè di owó. Ojúde Ọba bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn Iléyá, ọjọ́ kẹta ọdún náà ni wọ́n sì ń ṣe é. Nígbà ayé Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí di ọdún 2025, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tún padà di alágbára, ilé-iṣẹ́ Globacom sì jẹ́ onígbọ̀wọ́ ọjọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2024, fọ́tò ọ̀gbẹ́ni Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi ayẹyẹ náà rìn yí ayé ká lórí fóònù, láìsí pé ẹnikẹ́ni ra ààyè ìpolówó fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀. Oṣù púpọ̀ ṣáájú ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń dáwó, ti ń yan aṣọ, ti ń gbé iṣẹ́ fún ahunṣọ, aránṣọ, oníbàtà àti oníìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ìdílé olóyè Balógun ń tọ́jú ẹṣin, òtẹ́ẹ̀lì ń kún, ayàwòrán ń ṣiṣẹ́. Ẹwà fúnra rẹ̀ ni ọjà tí wọ́n ń tà ní Ojúde Ọba, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n ná sórí ẹwà tó ṣòfò. Bí ọjà tìrẹ bá jẹ́ ẹ̀gẹ́, obì tàbí bíríkì, ẹwà di ìránṣẹ́ ọjà. Fún àlejò lóúnjẹ, gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí wákàtí mẹ́ta lọ sórí ìkíni àwọn tó wà lórí àga iwájú nígbà tí àwọn tó wá rajà ń sùn lẹ́yìn.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Kí la tún ń pàdé fún, wọ́n ní, nígbà tí fóònù wà? Kò sí ìpínlẹ̀ tó ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn ìbéèrè yẹn ju tiwa lọ. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ènìyàn jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà, Èkó, Abuja àti ìpínlẹ̀ Ògùn ni àṣẹ náà kọ́kọ́ kàn. Nínú oṣù kejì ọdún kan náà ni wọ́n ti fagi lé ìpàtẹ fóònù alágbèéká ti Barcelona, èyí tó máa ń gba èrò tó lé ní 100,000 lọ́dún. Gbogbo ayé wọ inú Zoom. Nígbà tí àrùn rọlẹ̀, díẹ̀ nínú àpéjọ dúró sórí ẹ̀rọ, èyí tó pọ̀ padà sójú ilẹ̀, bí wọ́n sì ṣe pín síra náà ní ìtumọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìpàdé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ tí igba ènìyàn ń gbọ́, gbogbo ìyẹn dúró lórí ẹ̀rọ, ó sì rọrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó padà ni èyí tó gba pé kí a fọwọ́ kan ọjà, kí a la obì wò, kí a wo ojú ẹni tó fẹ́ gba ẹrù láwìn. Olùṣètò tó gbọ́n kì í yan ọ̀kan kó kọ èkejì. Fóònù ló fi ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀, tó fi ń mọ ohun tí oníkálukú fẹ́ rà tàbí fẹ́ tà, tó sì fi ń fún wọn ní wákàtí tí wọn yóò pàdé ara wọn. Bí wọ́n bá dé, kò sẹ́ni tí yóò máa rìn kiri bí àjèjì. Àmọ́ nọ́ńbà tí a gbà lọ́wọ́ àlejò kì í ṣe tiwa láti tà fún ẹlòmíràn. Láti 2023 ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà, ó sì béèrè pé kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe, kí ẹni tó ni ín sì gbà.

Ọ̀wọ́n ti fi dandan kọ́ ọ̀pọ̀ olùṣètò ní ohun tí ọgbọ́n ì bá kọ́ wọn. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí 2024 tó parí. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ọkọ̀ tó ń kó àga ń mu epo, alásè ń ra gáàsì. Iléeṣẹ́ tó máa ń pe ẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọgọ́rùn-ún. Ìpàdé alẹ́ di ìpàdé ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí ìfàsẹ́yìn. Mo rò pé èrè ló mú wá fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, nítorí pé nígbà tí àyè ọgọ́rùn-ún péré bá wà ni olùṣètò yóò tó jókòó ronú ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún tí ìdajì wọn fẹ́ rà, tí ìdajì wọn sì fẹ́ tà, sàn ju ẹgbẹ̀rún tó wá gba abọ́ oníke lọ. Ẹ̀bùn ìrántí yẹn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dín in kù. Mélòó ni abọ́ tí a fẹ́ kó jọ sínú ilé ìdáná?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, bẹ́ẹ̀ ó lè ba àpéjọ jẹ́ ní Rẹ́mọ ju òjò lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ìjọ Redeemed ń ṣe ìsìn òru ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Nínú oṣù kẹjọ wọ́n ń ṣe àpéjọ ọdún, nínú oṣù Kejìlá wọ́n tún ń ṣe òmíràn. Ẹni tó bá ní kí oníbàárà ti Èkó wá bá òun ní Ìpẹru lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì bẹ́ẹ̀, inú gó-sìlóò ni yóò ti máa gba ìpè àforíjì. Ní Babcock àti láàárín àwọn Adventist Ìlíṣàn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi ni, kò sí òwò níbẹ̀. Ọ̀sán Ẹtì jẹ́ ti Jímọ́ọ̀, Sátidé jẹ́ ti ìnáwó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Sọ́ńdè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìlú Rẹ́mọ sì ní ọjọ́ Orò àti ọjọ́ Agẹmọ tiwọn, tí ìrìn ń ní ààlà, pàápàá fún obìnrin. Lọ béèrè láàfin kó o tó tẹ ìwé ìpè. Nígbà tí a bá yọ gbogbo wọn kúrò, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè ló kù fún àpéjọ òwò, mi ò sì rí ìdí tí yóò fi jẹ́ ìṣòro: ọjọ́ iṣẹ́ ni, òwò sì ni iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn wọn pé ìlú kékeré ni Ìpẹru, Èkó ni gbogbo òwò wà. Davos ní Switzerland kò tóbi. Ìlú orí òkè ni, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá tàbí kó lé díẹ̀ lọ, síbẹ̀ àpérò ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1971 ń kó àwọn olórí orílẹ̀-èdè àti ilé-iṣẹ́ wá. N kò sọ pé kí a máa lérò pé ààrẹ ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀ ní Ìpẹru. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlú kékeré lè gba àpéjọ ńlá bí ohun kan bá wà tó jẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ ìlú kékeré kò lè ṣe ìpàtẹ ohun gbogbo. Ìpàtẹ ohun gbogbo, Èkó yóò borí wa níbẹ̀ títí ayé. Ohun kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀ tó wa ni ká dì mú.

Obì ni mo rò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kano ní 1912, obì gbànja ti jẹ́ òwò tó so Rẹ́mọ mọ́ ilẹ̀ Hausa. Òun ló mú Sábó, àdúgbò àwọn Hausa ní Ṣàgámù, gbilẹ̀. Nàìjíríà ló ń mú obì jáde jù lágbàáyé, ibi díẹ̀ ló sì mọ bí a ṣe ń bó o, tí a ń rẹ ẹ́, tí a ń ṣà á, tí a ń fi ewé wé e sínú apẹ̀rẹ̀ tó Rẹ́mọ. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú òwò náà ṣì ń lọ láti ọwọ́ alárinà sí ọwọ́ alárinà, àgbẹ̀ kò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń rà á ní Kano kò mọ oko tó ti wá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹ̀wàá, nígbà tí ìkórè gbànja ń bẹ̀rẹ̀, ló yẹ kí ìpàtẹ obì wà, kó má jẹ́ nínú oṣù kejì nígbà tí kò sí obì lórí igi mọ́. Kí a pe àwọn olówò Sábó àti ti Kano, kí ògbufọ̀ Hausa wà, kí oníkálukú sọ ṣáájú iye apẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ àti irú rẹ̀. Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Kòkó tó wà ní Ìbàdàn láti 1964, tó ń ṣèwádìí lórí obì pẹ̀lú, wá sọ ohun tí a lè fi gbógun ti kòkòrò tó ń jẹ obì. Kí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, wá sọ oògùn tí a kò gbọ́dọ̀ fọ́n sí ohun tí ènìyàn ń jẹ. Kí ẹni tó ń ṣe ẹrù òfurufú ní pápákọ̀ wa sọ iye tí kílò kan jẹ́ àti bí a ṣe gbọ́dọ̀ di ẹrù, ká lè mọ̀ bóyá owó rẹ̀ lè bá obì mu tàbí ọ̀nà tírélà ló ṣì sàn. Kí tábìlì ìwọ̀n àti tábìlì àdéhùn wà nítòsí ara wọn. Gbogbo èyí ṣeé ṣe lábẹ́ àtíbàbà, nínú ọgbà ilé-ìwé kan.

Kí ni a ó kà lẹ́yìn rẹ̀? Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹnì kan pe gbogbo àwọn tó bọwọ́ lu àdéhùn láti mọ èyí tó ti di ẹrù gidi. Lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́, kó tún pè wọ́n láti mọ ẹni tó tún rà lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ ìpè yìí ni ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í fi owó sí, nígbà tí owó ìlù àti ìtanná gba ojú ìwé méjì. Èmi ì bá san ìdajì owó olùṣètò lọ́jọ́ àpéjọ, kí ìdajì tó kù dúró de ìpè kejì. Àwọn kan yóò ta kò mí pé oníṣòwò wa kò ní sọ iye tó tà, torí ẹ̀rù owó orí. Òótọ́ ni, mi ò sì rò pé ìwàásù lè yí i padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a ka iye àdéhùn tó di ẹrù àti iye àwọn tó padà wá rà, kí a má bèèrè iye owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí a bá kọ ọ́ sí, ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn olóbì fúnra wọn ni kó wà, kó má ṣe sí lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ agbowó-orí. Nígbà tí a bá fẹ́ wá onígbọ̀wọ́ fún ọdún kejì, ìwé yẹn ni ká kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, kó tó di pé a fi fọ́tò hàn án.